Ẹsẹ Kẹrin Inú Ìborùn

"Aláǹtakùn, ṣé o ò ní gbé òwú yẹn sílẹ̀ ni?"

Agogo ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ó nà gbalaja sórí ibùsùn mi, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ògiri, ó sì ń tún ohùn rẹ̀ ṣe fún ìrìn àjò ọjọ́ kejì. Aláǹtakùn ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí, nítorí pé ibi yòówù tí ẹ bá ti rí mi, òwú á wà lọ́wọ́ mi. Àwa náà ń pe òun ní Agogo nítorí ohùn rẹ̀. Bó bá kọrin nínú kíláàsì wa, àwọn tó wà ní ẹnu géètì ilé ìwé á gbọ́. Ẹnì kẹta wa ni Jẹ́jẹ́, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń ká òwú mi jọ. Jẹ́jẹ́ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún rò ó kó tó sọ fún ọ pé ebi ń pa òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni. Ní ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé wa ń lọ sí adágún ńlá kan tí kò sí ẹnì kankan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó rí i rí. Ní ọjọ́ Àìkú, èmi àti Màámi á lọ wo Màmá àgbà, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì á sì tẹ̀ lé wa. Ìborùn tó wà lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ parí kí ọjọ́ Àìkú tó dé.

Màmá àgbà ni ìyá tó bí ìyá mi. Ó ti di oṣù méje báyìí tí àìsàn kọ lù ú lójijì. Ó gba agbára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ilé ìfọṣọ ni Màámi ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ibùsùn ló ń lọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó máa gbé Màmá àgbà dìde nílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní ìlú orí òkè kan, ìrìn wákàtí méjì nínú bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ló pe Màámi lórí fóònù.

"Ẹ wá nǹkan tí ọwọ́ wọn mọ̀ dáadáa wá fún wọn," ló wí. "Nígbà mìíràn, ọwọ́ máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé."

Màámi ṣí àpótí Màmá àgbà, ó sì mú ìborùn kan jáde. Abẹ́rẹ́ gígùn méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀, níbi tí àìsàn ti ká a mọ́. "Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n hun bíi tiwọn," ó sọ fún mi. "Bá wọn parí ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn yòókù tó ń hun nǹkan máa ń ka ojú òwú wọn ní ení, èjì. Màmá àgbà kì í kà. Orin ló máa ń kọ. Ìlà orin kan ni ìlà òwú kan. Níbi tí ohùn bá ti gòkè, á jẹ́ kí ojú òwú yọ síta. Níbi tí ohùn bá ti wálẹ̀, á jẹ́ kó wọnú. Bí ẹ bá di ojú yín, tí ẹ fi ìka tọ aṣọ náà, gbogbo gegele àti kòtò orin náà lẹ ó máa bá pàdé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń hun nǹkan nìyẹn, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé tí tíṣà lé mi jáde.

Màmá àgbà fúnra rẹ̀ ló ṣe orin ìborùn yìí. Ẹsẹ márùn-ún ló ní. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà kí a tó bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Òun ti hun ẹsẹ méjì. Mo ti hun ìkẹta. Ẹ̀kẹrin ló wá di wàhálà sí mi lọ́rùn. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò fara balẹ̀ síbì kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú òwú já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì tú u.

"Bí mo bá hun ẹsẹ méjèèjì tó kù, n ò ní lè bá yín lọ sí adágún," mo wí.

Agogo gbé ẹsẹ̀ kúrò lára ògiri. "Fo ẹ̀kẹrin. Bọ́ sí ìkarùn-ún. Ṣebí ìborùn ni ìborùn ń jẹ́. Ta ni yóò mọ̀?"

Jẹ́jẹ́ ká òwú díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá àgbà ńkọ́?"

"Màmá àgbà tí ò lè sọ̀rọ̀?"

Agogo ò fi ìkà sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ńṣe ni ara tù mí. Mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi sọ ọ́. Mo fo ẹsẹ kẹrin, mo bọ́ sí ìkarùn-ún tó rọrùn láti hun, nígbà tí Màámi sì ti ibi iṣẹ́ dé, ìborùn ti parí. Màámi tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fọwọ́ pa á. "Ọmọ mi, o ṣé gan-an ni," ó wí. Mo ní kò tọ́pẹ́.

N kò lè purọ́, adágún náà dùn. Omi lọ títí tí ojú ò fi rí òdìkejì rẹ̀ dáadáa, àfi òkè kan tó dúró bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀. A tò sí etí omi, a kọrin, orin náà sì kọjá lórí omi lọ bá òkè, ó sì padà wá bá wa. Agogo la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo òkè náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ bí òkè náà ṣe ń dá orin padà láìfo ọ̀rọ̀ kan, mo rántí ẹsẹ kẹrin. Mo gbé e kúrò lọ́kàn, mo sì lọ jẹ búrẹ́dì mi.

Ní ọjọ́ Àìkú, aago méjì kọjá díẹ̀ kí a tó dé yàrá Màmá àgbà. Yàrá kékeré ni, ibùsùn irin kan, àga kan, fèrèsé kan tí oòrùn ń gbà wọlé. Màmá àgbà ti rù. A kúnlẹ̀ kí i, ó wò wá, ojú rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Màámi tẹ́ ìborùn sí i lórí itan. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ rìn lọ sí etí aṣọ, ó wá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan ró ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sì kọrin.

"Òwú gùn, ọ̀nà gùn, mo jókòó, mo ń rìn lọ..."

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ni o. Ọ̀rọ̀ tó dá ṣáká. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé omi bọ̀ dúró sójú kan. Màámi di irin ibùsùn mú. Bàbá arúgbó kan tó ń yí àga onítáyà rẹ̀ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí fìlà, bí ẹni wọ ilé àdúrà. Obìnrin tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun láti oṣù méje ń fi ìka kó orin jáde láti inú aṣọ. Ó kọ ẹsẹ kìíní, ó kọ ìkejì. Ó kọ ìkẹta, èyí tí èmi fúnra mi hun, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Ìka rẹ̀ wá dé ibi tó yẹ kí ẹ̀kẹrin wà.

Ohùn rẹ̀ dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún kọ ìparí ẹsẹ kẹta, ó tún tẹ̀ síwájú. Ibi kan náà ló ti dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ ń wá, ó ń wá, bí ẹni tó dé ilé rẹ̀ tí kò bá àtẹ̀gùn mọ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti aṣọ náà síwájú, ó sì kọjú sí ògiri.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n ni," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ má bọkàn jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ yìí náà tó dúpẹ́ fún."

Ẹ wò ó, mo lè dákẹ́. Inú gbogbo wọn ti dùn, kò sì sí ẹni tó fura. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn Màmá àgbà níbi tó kọjú sí ògiri, mo mọ̀ pé òun ń rò pé orí òun ló tún dàrú. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni yóò máa kà sí àìsàn ara rẹ̀. Àgbàlagbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò lo ọjọ́ méjì.

"Kò rẹ̀ wọ́n," mo wí. Mo kúnlẹ̀. "Màmá àgbà, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Èmi ni mo fo ẹsẹ kẹrin. Mo fò ó torí kí n lè lọ sí adágún."

Màámi kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo. Ó kàn gbé ìborùn náà lé mi lọ́wọ́.

"Èmi ni mo ní kó fò ó, Mọ́mì," Agogo wí, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Mo mọ̀ sí i," Jẹ́jẹ́ wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò rò ó kó tó sọ ọ́.

Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì ìkẹyìn máa gbéra. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Màámi, mo yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú àpò mi, nítorí pé Aláǹtakùn kì í rìn láìmú abẹ́rẹ́ dání. Mo sì tú gbogbo ẹsẹ karùn-ún lójú wọn. Iṣẹ́ tí mo fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan ṣe tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń ká òwú. Agogo, tó ti gbọ́ orin náà lẹ́nu mi títí tó fi mọ̀ ọ́n, ń kọ ẹsẹ kẹrin fún mi kí n lè ráyè gbájú mọ́ ọwọ́ mi, ó sì ń kọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. N kò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú òwú kan já bọ́, n kò bínú. Mo mú un padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ìlà mẹ́rin péré ni mo tíì hun, ìwọ̀n orin ẹ̀ẹ̀kan. Mo gbé e fún Màámi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Ojú ń tì mí, n kò lè dúró ti ibùsùn. Mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Màámi rọra mú ọwọ́ òsì Màmá àgbà, ó gbé ìka rẹ̀ lé ibẹ̀.

Màmá àgbà yíjú kúrò lára ògiri, ó sì kọ ọ́:

"Ọmọ mi ń bẹ ní yàrá,
Ọmọ ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà,
Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn o,
Mo ń bọ̀ wá bá yín nílé."

Ó wo Màámi nínú yàrá. Ó wo èmi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti kọ orin yẹn láìmọye ìgbà, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé ta ni wọ́n ń bá wí nínú rẹ̀. Èmi ni mo wà nínú ẹsẹ tí mo fò. Ẹkún gbọ̀n mí tìtì, kò sì tì mí lójú.

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú láti parí ìborùn náà lójú ẹni tó ni ín. Ẹgbẹ́ akọrin rin ìrìn àjò ọjọ́ Àìkú méjì láìsí mi, ó sì dùn mí. Lónìí, Màmá àgbà lè sọ pé "omi," "wá," àti "rárá," ó sì ń lo "rárá" ju àwọn yòókù lọ. Ìborùn wà léjìká rẹ̀. Òwú tí mo tú ti kákò díẹ̀, kò lè tẹ́jú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ìka rẹ̀ bá dé ibẹ̀, ó máa ń dúró, á wò mí, á sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà àbùjá wà nínú gbogbo iṣẹ́, ẹni tó máa fi hàn yín kò sì wọ́n. Á ní ta ni yóò mọ̀. Mo ti mọ èsì rẹ̀ báyìí: ẹni tí ẹ ń ṣe é fún ni yóò mọ̀, ọjọ́ tó bá sì nílò rẹ̀ jù lọ ni yóò mọ̀.