Abẹ́rẹ́ Ìsinmi tí Ògúnbọ̀dé Ń Bèèrè

Ògúnbọ̀dé kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú Odode ní Ìdànrè ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bá a sọ ẹrù kalẹ̀, á bi í pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ọrùn mi ti rọ?" Bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí Òkè Ìdànrè, tí àwọn yòókù jókòó sinmi, òun kì í dúró.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ó ní àwọn tí kò lè dá dúró ni wọ́n ń lọ síbẹ̀.

Ní ọdún 1980, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó fara dà á títí ó fi gbẹ bí igi ìdáná. Ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́, dókítà là á, ó wo inú rẹ̀, ó sì tún un rán. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé.

Ìrora náà le, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dùn ún jù ú lọ. Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni ó ń fọ̀ ọ́ bí ọmọ ọwọ́. Nígbàkígbà tí obìnrin náà bá gbé omi wọlé, Ògúnbọ̀dé á kọjú sí ògiri.

Catherine ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá kí i ní ọjọ́ Sátidé kan. Ògúnbọ̀dé di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Catherine, o mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè fún ènìyàn tí kò ní jí mọ́. Fún mi."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí ajá bá ń jẹ̀rora, a ó ṣàánú rẹ̀, a ó pa á. Ṣé èmi ò tó ajá ni?"

Omi bọ́ lójú Catherine. "Òfin kò gbà á, Bàbá. Ọkàn mi náà kò sì gbà á."

"Ọkàn rẹ, ìyẹn kàn ọ́," ni Ògúnbọ̀dé wí. "Ṣùgbọ́n òfin? Ènìyàn ló ń ṣe òfin. A ó yí i padà!"

Ó ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé òun ró. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi kọ ìwé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àkúrẹ́, pé kí wọ́n fi òfin fún dókítà láṣẹ láti fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́ ní ohun tí òun pè ní abẹ́rẹ́ ìsinmi. Ignatius, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, bá a fọwọ́ sí i.

Nígbà tí Dúrójaiyé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé láti Atosin, níbi tí ó ti ń ṣe oko kòkó, Ògúnbọ̀dé ka ìwé náà sí i létí, ó ń kà á lóhùn rara bí ìgbà tí ó ń ka ìdájọ́ ní kóòtù:

"Ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ wẹ̀ mọ́, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí ó ń jẹ oúnjẹ tó yẹ kí ọmọdé jẹ, òkú tí a kò tíì sin ni. Ẹ jẹ́ kí òfin gba àwọn ará ilé tí ó ń ni lára sílẹ̀."

Aládùúrà ni Dúrójaiyé.

"Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní sọ pé kò dùn ọ́. Lo oògùn rẹ. Bí kò bá ká ìrora náà, kí Catherine bá dókítà sọ ọ́. Bí o bá ní kí wọ́n má là ọ́ mọ́, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo fún ara rẹ ní ẹ̀mí yìí."

"Ta ló fún mi? Ọlọ́run rẹ?" Ògúnbọ̀dé fọwọ́ lu ibùsùn. "Bí ó bá wà, kí ó wá fọ ìdí mi!"

Dúrójaiyé ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba abọ́ omi lọ́wọ́ Àrìnkẹ́, ó sì fọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èébú ni Ògúnbọ̀dé ń bú u títí ó fi parí.

"Jésù Olúwa wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀," ni Dúrójaiyé wí, bí ó ti ń nu ọwọ́. "Ọ̀kan nínú wọn kọ̀, bí o ṣe ń kọ̀ yìí. Kì í ṣe ìtìjú, Ògúnbọ̀dé. Ìfẹ́ ni."

"Máa lọ sílé rẹ!"

Wàyí o, ní yàrá kejì, ẹ̀gbọ́n Ògúnbọ̀dé kan wà tí ń jẹ́ Ọmọ́yẹlé. Àrùn ti rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Obìnrin yìí ni ó pọ̀n Ògúnbọ̀dé sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àwọn ará ìlú ń ṣí kúrò lórí Òkè Ìdànrè, tí egbò ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọkùnrin náà lè rìn. Ògiri tí ó wà láàárín wọn kò nípọn.

Ní ọjọ́ kẹta, Dúrójaiyé tún padà wá. Kò tíì jókòó tí Àrìnkẹ́ fi wọlé, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Baba Catherine, ẹ̀gbọ́n yín kò jẹun láti ìjẹta. Mo rò pé ibà ni. Wọ́n ní kí n máa gbé e fún àwọn ọmọdé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ògúnbọ̀dé. Ó fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Dúrójaiyé sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Ògúnbọ̀dé ti ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, kò ṣeé ṣe. Nígbà náà ni ọkùnrin tí kì í bẹ̀bẹ̀ yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ pé:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé mi."

Wọ́n gbé e tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ kò jẹun?"

"Mo gbọ́ ìwé rẹ," ni Ọmọ́yẹlé wí, ohùn rẹ̀ kò ju fẹ́lẹ́ lọ. "O ní ẹni tí kò lè dá wẹ̀, òkú ni. Ọdún mẹ́fà rèé tí èmi kò ti dá wẹ̀. N kò fẹ́ kí o dúró de òfin kí o tó bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí! Ara mi ni mo ń sọ!"

"Ṣé wọ́n máa ń kọ orúkọ sínú òfin ni?"

Akọ̀wé kóòtù mọ̀ pé òfin kì í pe orúkọ. Ìlẹ̀kùn tí a ṣí fún ẹni tó fẹ́ jáde, ẹni tí a fẹ́ tì jáde á gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ó bú sẹ́kún.

"Ẹ kò ni mí lára rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Ta ló wá sọ pé ìwọ ni wá lára?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

Ògúnbọ̀dé gba ṣíbí, ó sì fún un ní ògì mu. Díẹ̀ dà sí i láyà; díẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Dúrójaiyé, ọ̀rọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Kí ni mo lè sọ fún Ọlọ́run? N kò mọ ẹ̀bẹ̀ẹ́ bẹ̀."

"Ohun tí o sọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni."

Ògúnbọ̀dé di ojú rẹ̀. "Jésù, mo gbéraga. Mo sọ ara mi di ọlọ́run ara mi. Dárí jì mí. Jọ̀wọ́, gbé mi."

Jẹjẹrẹ kò lọ. Ẹni tó bá sọ pé ó lọ, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n Catherine bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n fi kún oògùn rẹ̀, ó sì rí oorun sùn. Ògúnbọ̀dé fagi lé ìwé àkọ́kọ́ tí kò tíì fi ránṣẹ́, ó kọ òmíràn sí ìjọba, pé kí wọ́n máa rán nọ́ọ̀sì àti oògùn ìrora dé ilé àwọn tí ń kú lọ. "Ẹ tọ́jú wa, ẹ má pa wá," ni ó kọ. Èsì kò dé kí ó tó kú.

Ignatius wá bá a, inú ń bí i. "Ẹ̀rù ikú ti bà ọ́!"

"Ìgbà tí mo ń sá tọ ikú lọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí," ni Ògúnbọ̀dé dáhùn. "Ní báyìí, kí ó wá nígbà tí wọ́n bá rán an. N kò ní lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀!"

Ọ̀sẹ̀ méje ni ó lò sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Àrìnkẹ́ ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "O ṣé, aya mi," ó sì sùn nínú Olúwa.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá ara rẹ le bí òkúta, o sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́. Ta ló fún ọ ní èémí tí o mí nísinsìnyí? Bóyá ìwọ ni ara ń ro, tí o ti ń ronú àtikú. Má ṣe fi pa mọ́: sọ fún ará ilé rẹ, sọ fún dókítà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ọ pé o kò wúlò mọ́. Jésù kú fún ọ kí o tó lè ṣe ohunkóhun fún un.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀la kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ronú pìwà dà lónìí, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí o sì pè é. Bí orí ibùsùn ni o wà, pè é níbẹ̀. Kò dìgbà tí o bá dìde.