Ọkùnrin Tó Kí Ògiri

Ọkùnrin tí onílẹ̀ rán wá wọn ilé wa kò kọ́kọ́ kí ìyá mi. Ògiri ló kí. Ìyá mi jókòó sórí àga rẹ̀, tòun ti ewú orí rẹ̀, ọmọkùnrin yìí sì kọjá lára rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o, sà." Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí wa pé a kú ilé.

Inú ti ń bí mi kó tó dé. Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn wá da epo síná.

Ilé la ní, a ò ní ilẹ̀. Bàbá mi ló ra ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ fún iye ọdún kan, líìsì ni wọ́n ń pè é, onílẹ̀ kan tí èmi àti ìyá mi ò rí sójú rí ló sì ni abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bí ọdún bá pé tí a ò fi kún un, ilé á di tirẹ̀, tòun ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí a fi òógùn wa rà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọdún náà fẹ́ẹ́ tán, kò sì sí kọ́bọ̀ nílé. Bàbá mi lọ bá onílẹ̀, ó fi ẹ̀rín wọlé, ó ní wọ́n ti fi ọdún kún un fún wa. Kò pẹ́ sígbà náà ló pòórá. Ẹbí ní obìnrin ló tẹ̀ lé lọ. Nígbà tí mo ní bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ìfẹ́ kì í dúró wọ bàtà. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, a sì ń gbé e ṣépè láti ìgbà náà.

Ọdún ọ̀hún tún ti fẹ́ẹ́ tán báyìí. Ìyá mi ní òun ò lọ síbì kankan, pé inú ilé yẹn ni wọ́n á ti gbé òun jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ránṣẹ́ sí onílẹ̀ pé kó bá wa sún un síwájú, tó fi rán ọkùnrin yìí wá.

Ó fa téèpù láti igun dé igun, ó ń fi ìka kan ògiri, kó, kó, kó. Àmọ́ kò kan ti ilé ìdáná. Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò fẹ́ jí aláìsàn. Ògiri yẹn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. A máa ń sọ pé sítóòfù ló fà á, bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ tí a ti gbé sítóòfù kúrò níbẹ̀.

"Kí ni onílẹ̀ yín fẹ́ gbà?" ni mo bi í.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tó gbà nígbà yẹn náà ni, mà. Ẹnì kan tí ẹ bá fà kalẹ̀."

"Láti wá ṣe kí ni?"

"Láti dúró."

Mo ní kó ká téèpù rẹ̀ nílẹ̀ kíá, kí onílẹ̀ gba ilé rẹ̀ kó fi jẹun, mò ń gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ mi lónìí.

"Ẹ̀yin lẹ lè lọ," ni ó wí. "Ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ilé, onílẹ̀ ló ni ín lọ́jọ́ tí ọdún bá pé. Bàbá ò lè bá yín lọ."

Ògiri wúkọ́.

Ikọ́ tí bàbá mi máa ń wú lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé ni, kí a lè mọ̀ pé òun ti dé. Ìyá mi dìde. Mo rò pé ó máa sunkún. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbá ògiri náà.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! O fi ara ẹ ṣe ìwọ̀fà nítorí bíríkì, o ò sì lè sọ fún mi? O jẹ́ kí n máa gbé ẹ ṣépè láti ọjọ́ yìí wá? Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Bí ẹlòmíràn bá bọ́ sí ipò wọn, wọ́n á jáde, ọdún yín á sì kún," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ lọ fikùn lukùn." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìyá mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀, téèpù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ìfọṣọ ni mo ń ṣe ní ọsibítù. Ọwọ́ tí mo fi ń fún bùláńkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọwọ́ eré. Mo gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, mo ní, "Ẹni tí mo fà kalẹ̀ nìyí."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ yọ ìka, ìka kò yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo lọ́mọ nílé."

"Bàbá tèmi náà lọ́mọ."

Mi ò jù ú sílẹ̀. Ó wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, èjìká tẹ̀ lé e, òórùn sìmẹ́ńtì tútù gba gbogbo pálọ̀. Nígbà tó ku etí kan síta, inú ṣì ń bí mi. Ó ṣì ń bí mi dòní.

Ibi tó gbà wọlé ni bàbá mi gbà jáde, tó ń gbọn eruku lórí. Irun rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo ti dàgbà jù ú lọ. Ó wò mí, ojú rẹ̀ kò dá mi mọ̀. Ó wá rí arúgbó tó dúró níwájú rẹ̀, ó tẹríba.

"Ẹ kú ilé o, mà," ni ó wí. "Ẹ má bínú. Ìyàwó mi dà?"

Ìyá mi wò ó títí, ó sì ṣíjú kúrò lára rẹ̀.

"Ó jáde," ni ó wí. "Jókòó dè é."