Páànù Kò Purọ́

"Ìyá Olóúnjẹ, ṣé kọnkéré ti jinná? Ẹ fi pọ̀nmọ́ sí tèmi o!"

Sùrájù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Alápẹ̀rẹ̀. Àwọn lébìrà yòókù ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n háyà fún ẹ̀rín. Roqeeb, tí wọ́n sọ ní Ìyá Olóúnjẹ, doríkodò níwájú iná gáàsì. Ọmọ ilé-ìwé girama ni, ìsinmi ló gbé e débẹ̀. Ọ̀gá Fáṣínà, ẹnjiníà ilé náà, ti ṣèlérí pé bó bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, òun yóò gbà á sọ́dọ̀ láti kọ́ṣẹ́ tó bá jáde ìwé.

Iṣẹ́ náà kò le. Yóò bu kọnkéré tútù, yóò wọ̀n ọ́n, yóò yan án nínú páànù títí yóò fi gbẹ, yóò sì tún un wọ̀n. Ìwọ̀n tó dín kù, omi ni. Bí omi bá pọ̀ jù, Ọ̀gá kò ní gbà á, torí omi tó bá gbẹ nínú òpó, ihò ló ń fi sílẹ̀.

Ọ̀lẹ ò sì lè fẹ́ràn páànù yẹn. Kọnkéré tó ki ń fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá gún un wọ inú pákó òpó. Èyí tó ṣàn bí ògì a máa wọlé fúnra rẹ̀.

"Bọ̀bọ́, máa bù ú ká tó bomi kún un," ni Sùrájù wí. "Àbí o fẹ́ máa jẹ́ Ìyá Olóúnjẹ lọ?"

Roqeeb mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ń dùn ún ju kí ilé wó lọ. Òmùgọ̀! Ó bù ú bí wọ́n ṣe wí. Ọ̀gá yẹ ìwọ̀n wò, ó ní kí wọ́n máa dà á, ó sì kọjá sí Owódé Onírin lọ ra irin. Ibẹ̀ ni garawa omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn wọ inú kọnkéré. Sùrájù gbá Roqeeb léjìká: "Ọkùnrin ni ẹ́!" Inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ti Roqeeb kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Nígbà tí wọ́n tú pákó kúrò lára òpó, Ọ̀gá fi ìṣó ha á. Iyanrìn ń dà sílẹ̀ bíi gàrí.

"Roqeeb, ìgbà wo lo bu èyí tí o yan? Ṣáájú omi àbí lẹ́yìn omi?"

"Ṣáájú, sà. Sùrájù ló ní kí n..."

"Ṣé Sùrájù ni òṣùwọ̀n ni? Páànù kò purọ́. Irọ́ lo bù sínú ẹ̀ tí o ń yan. Èèyàn ló máa sùn lábẹ́ òpó yìí! Gbé òòlù, kí o fọ́ ọ. Tó o bá fọ́ ọ tán, máa lọ sílé. Má padà wá."

Sùrájù ńkọ́? Ó ti gba Kétu lọ, ó ń po kọnkéré ẹlòmíràn. Bóyá ó ti rí Ìyá Olóúnjẹ tuntun. Roqeeb nìkan ló dúró ti òpó náà, eruku bò ó lójú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ń bó.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó fi yín ṣẹ̀sín títí ẹ fi ṣe ibi kò ní bá yín fọ́ òpó. Orúkọ ẹ̀sín kì í pa ènìyàn. Òpó tó bá wó ló ń pa á.