Lẹ́tà Tó Há Sẹ́nu Ibodè

Lẹ́tà Dọlápọ̀sí agbẹ̀bí ti sọnù. Ilé-ìwòsàn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní Kánádà ní àwọn ti fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ n'Ílobù. Inú lẹ́tà náà ló gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ síwèé. Bí ilẹ̀ òní bá ṣú, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ire wa há sọ́wọ́ aṣọ́nà.

Hàfúsátù, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ibẹ̀, ṣe bisimilláhì. Ẹ̀rọ kan ni gbogbo ímeèlì ń gbà wọlé. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò bíi ti aṣọ́bodè. Ó ṣí ojú ewé ẹ̀rọ náà, ó ń fi máòsì tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún. Kò rí nǹkan kan. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ṣí ojú dúdú, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ tẹ àṣẹ. Àwọn òfin kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń hàn. Ó rí òfin tó dá lẹ́tà náà dúró. Ó rí ohun tí òfin ọ̀hún fi lẹ́tà náà ṣe pẹ̀lú. Kò sọ fẹ́nì kan.

Ó pe àwọn mẹ́ta tó mọ pásíwọọdù ẹ̀rọ náà: Ṣínà onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Mùtíátù akọ̀wé, àti Dókítà Bàdírù tó ni ilé-ìwòsàn.

"Ẹnìkan ló ní kí lẹ́tà Dọlápọ̀sí má wọlé."

Ṣínà wo Mùtíátù, ọmọ Ìfọ́n, ìlú tó ń bá Ìlobù jà nítorí ilẹ̀. "Ará Ìfọ́n kúkú wà láàárín wa. Àbí àbúrò ẹ ò wáṣẹ́ yẹn náà ni?"

"Bí ewúrẹ́ bá sọnù n'Ílobù, Ìfọ́n náà ló jẹ ẹ́!" Mùtíátù pòṣé. "Ìwọ tí ò ń bẹ Dọlápọ̀sí kó dúró fẹ́ ọ ńkọ́?"

Dókítà mi orí. "Èmi ò mọ tẹ̀rọ o. Ẹ bá mi pẹ̀tù sọ́mọ náà nínú."

Oòrùn ti ń rẹ̀. Ẹsẹ̀ Hàfúsátù ò dúró sójú kan. "Ó dáa. Màá nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí dànù, kí n tún un tò látìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ nù ún, ẹ̀gbọ́n," Ṣínà ní.

"Ẹ nù ún jàre," ni Mùtíátù wí.

Hàfúsátù nawọ́.

"Má nù ún!" Dókítà fò dìde. "Lẹ́tà ọmọ náà wà ńbẹ̀!"

Hàfúsátù kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Mi ò sọ fẹ́nì kan pé wọn ò pa lẹ́tà náà rẹ́. Ẹni tó tì í mọ́lé ló mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè."

Àgbà ọkùnrin náà jókòó wọ̀ọ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá, mo jókòó ti ẹni tó tò ó. Ó tẹ irú òfin bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, ó ní ẹni tó bá fi máòsì wá a ò ní í rí i. Mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbà á láti pa lẹ́tà náà rẹ́."

Dọlápọ̀sí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá ìrọbí dé.

"Àṣàkẹ́," Dókítà fi oríkì pè é, "Àṣàkẹ́ ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, tí aboyún ń rí tẹ́rù ń sá. Agbẹ̀bí yòókù ti lọ tán. Bó o bá lọ, ta ni yóò gbẹ̀bí níbí?"

Hàfúsátù tú lẹ́tà náà sílẹ̀. Dọlápọ̀sí kà á tán.

"Bí ẹ bá ti bi mí ni, Dókítà, ǹ bá dúró kọ́ ẹlòmíì kí n tó lọ."

Ó fọwọ́ sí i. Ó fi í ránṣẹ́.

Obìnrin kan ké láti yàrá ìrọbí. Dọlápọ̀sí fa ibọ̀wọ́ tuntun yọ, ó sáré padà síbẹ̀.