Àgbàdo Tí Bàbá Jẹ Kẹ́yìn

Àárín àgbàdo ni wọ́n ti bá òkú Bàbá. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín ebè méjì, ìfófòó ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, odindi àgbàdo tútù tó ti jẹ dé ìdajì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, ejò kò bù ú jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàìsàn. Lálẹ́ àná ló ṣì ń fi ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni òun yóò kọ́kọ́ ṣẹ́ àgbàdo ọ̀hún.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yìí ló gbìn ín. Aránṣọ ni. Adúmáradán ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ògiri pákó kan ṣoṣo ló là á láàárín òun àti ọgbà àgbàdo náà.

Àgbàdo aládùn ni, irú èyí tí omi rẹ̀ máa ń dà bíi ṣúgà lẹ́nu. Adúmáradán kò gbìn ín ní ìlà kan gbọọrọ bí àwọn ará àdúgbò ti ń ṣe. Ó kó o jọ sójú kan, kí lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ lè máa já bọ́ sórí irun àwọn tó wà nítòsí. Àgbàdo tí lẹ́búlẹ́bú kò bá kàn, bí eyín arúgbó ni hóró rẹ̀ máa ń rí: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Bàbá, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà. Òun ló kọ́ ọ pé bí irun àgbàdo bá ti gbẹ, kí ó ṣí háríhá díẹ̀, kí ó fi èékánná tẹ hóró kan. Bí omi rẹ̀ bá mọ́ gaara, kò tíì tó. Bí ó bá funfun bíi wàrà, àsìkò tó. Ṣùgbọ́n Bàbá alára kì í ní sùúrù ìkòkò.

“Adúmáradán,” á ní, “èyí tó bá ti gun iná ti di tàwọn aláìléyín. Tèmi, láti orí ìdúró ni.” Á ṣẹ́ ẹ, á bó o, á máa rún un ní tútù bí ewúrẹ́.

Wọ́n sin Bàbá tán, kò sẹ́ni tó tún fẹnu kan àgbàdo náà, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni àbúrò Bàbá, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré. Ọ̀rọ̀ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú irun ni wọ́n ń gbá a síta, atẹ́gùn á sì gbé e dé gbogbo ojúlé.

“Láti ìgbà tó ti wọlé ẹ̀gbọ́n mi, kò lóyún, kò bímọ,” ó ń wí. “Àgbàdo rẹ̀ ń gbọmọ pọ̀n ní méjì-méjì, òun ò pọ̀n. Ibo ló ń kó ọmọ lọ?”

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ni ẹyẹ ń kú. Ẹ̀gà tó bá bà sórí àgbàdo láàárọ̀, yóò ti na ẹsẹ̀ sókè kí ọ̀sán tó pọ́n. Adúmáradán ń fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n, àwọn aládùúgbò ń yọjú lórí ògiri.

“Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n,” obìnrin kan sọ. “Kò fún wọn ní ìpín tiwọn nínú ẹran Bàbá, ni wọ́n bá dìjà.”

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wọ ilé, Bàbá Kékeré dúró láàárín àgbàlá.

“Kí lo fi pa ẹ̀gbọ́n mi?”

Adúmáradán kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré, mi ò pa wọ́n. Èmi tí mo fi wọ́n ṣe bàbá!”

Màmá, opó Bàbá, jáde láti yàrá. “Bàbá Kékeré, ẹ fi omi tútù fọ ẹnu yín! Ọkọ ta ló kú? Èmi tí mo pàdánù ò pe ẹnikẹ́ni lájẹ̀ẹ́, ẹ̀yin tí ẹ jẹun níbi ìsìnkú lẹ wá mọ̀ ọ́n!”

Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ló di í lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó gbọ́ ohùn méjì lẹ́yìn pákó, ó dúró. Bàbá Kékeré ló ń béèrè, ọkọ rẹ̀ ló ń dáhùn.

“Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé ẹnu mi ló ti jáde o,” ọkọ rẹ̀ ń sọ. “Ṣùgbọ́n èmi náà ń fura. Ó máa ń jí jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ó máa ń bá àgbàdo yẹn sọ̀rọ̀.”

Kòkòrò ajẹwé ni Adúmáradán ń jí lọ ṣà. Ọkọ rẹ̀ yìí gan-an ló sọ fún un pé ìdájí ni ọwọ́ máa ń tẹ̀ wọ́n! Ó gbé abọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yí padà. Lálẹ́, ó retí kí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ kọjú sí ògiri.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Kékeré pe ẹbí jọ sí àgbàlá.

“A ò ní lù ú, a ò ní lé e,” ó ní. “Àgbàdo tó gbìn ni kó jẹ lójú wa. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, oúnjẹ lásán ni. Bí kò bá mọ́, ẹni tó wà nínú ilẹ̀ yóò dá a lóhùn.”

Ẹ̀rù kò ba Adúmáradán. Ta ní ń sá fún ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn? Ó wọ ọgbà, ó ṣẹ́ mélòó kan tó gbó, ó gbé wọn wá nínú agbọ̀n. Òórùn oògùn ikán fẹ́ sí i nímú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà nìyẹn. Òórùn ọ̀hún ò ṣàjèjì níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bó ọ̀kan.

Ó wo ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń fẹ́: “Ìyàwó mi kì í ṣe àjẹ́.” Òógùn ń ṣàn lójú ọkọ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Adúmáradán gé àgbàdo náà jẹ. Adùn ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni ìkorò dé, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o.

“Ó tó!” Màmá pariwo. Ó ti àwọn ènìyàn sọ́tùn-ún sósì. “Bí ikú bá ni, ká jọ jẹ ẹ́. Ẹ ò ní fi ọmọ mi nìkan dán ikú wò.” Ó mú òmíràn nínú agbọ̀n, ó ya háríhá rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu.

Bẹ́ǹṣì dojú dé. Káfíńtà ti fò dé iwájú ìyá rẹ̀, ó gbá àgbàdo náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá, ẹ má jẹ ẹ́! Oògùn ikán ló wà lára rẹ̀!”

Ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ẹ̀gà ló ń ba àgbàdo jẹ́, ló bá bu oògùn tó ń fi kun igi òrùlé, kò bu omi là á, ó wọ́n ọn sí gbogbo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú Bàbá, ó sì rin wọnú háríhá. Ó ní òun yóò sọ fún wọn bílẹ̀ bá mọ́. Bàbá ló tètè jí jù ú lọ.

Adúmáradán ti tu èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

“O mọ̀,” ó ní. “O mọ̀, o sì jókòó, o ń wò mí.”

“Ẹ̀rù ló bà mí. Wọn á ní mo pa bàbá mi.”

“Nígbà tí mo gbé e sẹ́nu, o jókòó. Màmá gbé e, o fò.”

Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ló gbé Adúmáradán sẹ́yìn sáré dé ojú títì, tó ń ké sí ọkọ̀, tó ń sunkún bí ọmọdé. Ilé ìwòsàn gba ẹ̀mí rẹ̀ là, torí ìwọ̀nba ló gbé mì. Màmá kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá, ẹnu ọ̀nà ló ti dá a dúró.

“Ọmọ mi ni ọ́, mi ò lè sẹ́ ọ,” Màmá ní. “Ti bàbá rẹ, àṣìṣe ni, mo ti fi jì ọ́. Ti ọmọbìnrin yìí, o mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe tèmi láti fi jì.”

Adúmáradán kò padà sílé náà. Ó gba yàrá kan ní àdúgbò mìíràn, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbẹ̀, Màmá sì ń wá kí i déédéé. Káfíńtà rán àwọn àgbà sí i títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá gba aṣọ rọra tẹ orí bá a. “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, nínú gbogbo ilé yẹn, ta wá ni àjẹ́ ọ̀hún gan-an?”

Adúmáradán já òwú, ó ká aṣọ náà fún un.

“Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀, àbúrò mi,” ó ní. “Ọkọ mi ló wà níbẹ̀.”