Ọ̀já Méjì Lẹ́sẹ̀ Ẹnì Kan

"Bàtà yìí ń fún mi lẹ́sẹ̀ o," ìyàwó wí, ó sì tún fà á kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

"Kò fún ọ. Tuntun ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá sáré díẹ̀, á gbà ọ́." Ọkọ rẹ̀ ò tilẹ̀ wojú ẹ̀. Ńṣe ló ń rìn síwá sẹ́yìn nínú yàrá ilé àlejò tí wọ́n wọ̀ sí, yàrá tí bẹ́ẹ̀dì kan àti àga kan ti gbà tán, débi pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn.

"Bàtà mi àtijọ́ ńkọ́?"

"Èyí tó ti lu jára yẹn? Wọ tuntun, jàre. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ."

Kíá ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ yìí nílé ìkẹ́rùsí tó ti ń fi èjìká ru páálí láti àárọ̀ dalẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Kò sí ohun tí kì í kánjú ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú oorun gan-an, ńṣe ló ń kánjú hanrun. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kò ní fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò tíì lò tó ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ọkọ àti aya. Eré sísá ló mú wọn mọra.

Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi jókòó sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ìlú yìí, nítorí eré ìje tọkọtaya tí wọ́n máa ń sá lóru gba inú igbó àti orí òkè. Òfin rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ẹ jọ gbéra, ẹ jọ kọjá ní gbogbo ibùdó, ẹ jọ parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni Kíá ń wá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá kan ti ṣèlérí pé nínú tọkọtaya mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ dé, òun yóò mú ẹnì kan ṣe olùkọ́ sísáré fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òun. Iṣẹ́ olùkọ́! Páálí rírù ti sú Kíá dé góńgó. Iṣẹ́ yẹn ló ń rò sùn, òun ló ń rò jí.

Gbogbo ẹni tó ń sáré ló sì mọ̀ pé a kì í fi bàtà tuntun lọ eré ìje. Kíá náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti ra bàtà méjì tó bára mu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó sì wù ú kí òun àti ìyàwó òun yọ lójú ọ̀gá yẹn. Ìyàwó mí kanlẹ̀, ó wọ bàtà náà, wọ́n jáde.

Níbi tí wọ́n ti ń gbéra, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan ló ń so ọ̀já mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Òun ni olórí eré náà. Ìyá Fèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí fèrè kan kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o!" ó ní. "Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ọ̀já yìí. Ibùdó tẹ́ ẹ bá ti kọjá, á dún 'píì', àwa náà á sì rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ẹ ti kọjá níbẹ̀. Ẹ má bọ́ ọ. Fóònù ò ṣiṣẹ́ lókè yẹn. Bí nǹkan bá ṣe yín, ọ̀já yìí la ó fi mọ ibi tá a ti máa wá yín."

Ó fọn fèrè rẹ̀, gbogbo wọn tan iná tí wọ́n so mórí, wọ́n sì ki eré mọ́lẹ̀.

Títí dé ibùdó kìíní, nǹkan ń lọ dáadáa. Tọkọtaya mẹ́ta péré ló wà níwájú wọn. Ìgbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í di òkúta ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

"Kí ló tún dé?"

"Gìgísẹ̀ mi ti bó. Ṣebí mo sọ fún ọ nípa bàtà yìí."

"Háà! Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ dára ni gìgísẹ̀ tìẹ ráyè bó?"

"Ṣé èmi ni mo bó o ni?"

Kíá á sáré síwájú, á dúró, á wẹ̀yìn, á tún sáré padà wá bá a. Inú ń bí i sí òkúta, inú ń bí i sí òkùnkùn, inú ń bí i sí bàtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà. Tọkọtaya kan kọjá lára wọn. "Ẹ kú ìrìn o!" ni wọ́n ń kí wọn. Òmíràn tún kọjá. Bí wọ́n ti ń kọjá ni Kíá ń fojú inú rí páálí tó ń dúró dè é nílé ìkẹ́rùsí.

Wọ́n mu omi ní ibùdó kejì. Bí wọ́n ti yà kúrò lójú àwọn tó ń bu omi ni Kíá fa ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ igi kan.

"Gbọ́. Mo ti wo àwòrán ọ̀nà tí wọ́n fún wa. Láti ibí, ọ̀nà eré gun òkè yẹn ni, á lọ yípo kó tó sọ̀ sí ibi afárá onígi. Ibùdó kẹta wà lórí òkè, kò sì sí èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ọ̀nà àwọn agégi lápá òsì yìí. Àfonífojì ló gbà, ó sì já sí afárá kan náà. Kò jìnnà rárá."

"Kí wá ni ká ṣe?"

"Bọ́ ọ̀já ẹsẹ̀ ẹ fún mi. Màá so méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ gun òkè. Ìwọ rọra gba ìsàlẹ̀ yìí, ká pàdé níbi afárá, ká wá jọ sá wọlé."

Ìyàwó wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ oníbàárà tí eku jẹ. "Èrú nìyẹn."

"Èrú kọ́, ọgbọ́n ni. Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, ẹsẹ̀ ò dùn mí. Àbí abẹ́ páálí lo fẹ́ kí n kú sí?"

"Ṣebí wọ́n ní ká má bọ́ ọ."

"Wọ́n ní, wọ́n ní! Ṣé àwọn ló máa bá mi rù ú?"

Ìyàwó fẹ́ kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibùdó kìíní ni ẹjọ́ ò ti tán lẹ́nu ọkọ rẹ̀, gìgísẹ̀ náà sì ń ta á bí ìgbà tí wọ́n bá fi ata sójú egbò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú ọ̀já.

"Gbà," ó ní. "Gbà, kí etí mi lè sinmi. Ṣùgbọ́n má pẹ́ o."

"Èmi? Èmi kẹ̀, pẹ́?"

Kíá so ọ̀já kejì mọ́ ẹsẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ bò ó, ó sì gun òkè lọ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Nígbà tó bá àwọn tó ti kọjá lára wọn, tí wọ́n béèrè ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ó ti ṣáájú mi o!" Ní ibùdó kẹta, ẹ̀rọ dún: píì, píì. Kíá nìkan ló dúró níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó yáa sọ̀ kalẹ̀, ó dé ibi afárá. Kò bá ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó!"

Omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá nìkan ló gbọ́.

Inú tún bí i. Ó ní ìyàwó òun ti jókòó síbì kan, ó ń tọ́jú ẹsẹ̀, kò mọ̀ pé ilé ń jó. Ó dúró títí. Àwọn tó ti fi sẹ́yìn lórí òkè dé, wọ́n wò ó tìyanu-tìyanu, wọ́n kọjá. Àwọn mìíràn tún kọjá. Ìbínú bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ẹ̀rù sì gba ipò rẹ̀. Ó wọ ọ̀nà àwọn agégi, ó ń ké pè é, àṣé ọ̀nà náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó pín sí méjì, èyí tó wà lọ́tùn-ún tún pín. Kíá ò mọ èyí tí yóò gbà. Ló bá sáré lọ síbi ìparí eré.

Ìyá Fèrè wà níbẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà dúró tì í, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, n kò rí ìyàwó mi mọ́."

Ìyá Fèrè tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ kọjá ní ibùdó kẹta. Ó hàn níbí. Á jẹ́ pé orí òkè lẹ ti pínyà nìyẹn, kẹ́ ẹ tó dé afárá. Àbí?"

Ẹ wò ó, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀ṣẹ̀ ti ìṣáájú ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ṣì lè tún un ṣe. Kíá la ẹnu. Ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ojú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó sì rántí iṣẹ́ náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ìyàwó á tilẹ̀ yọ fúnra rẹ̀ láìpẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní. "Orí òkè ni."

Fèrè dún. Àwọn èèyàn kó iná àti okùn, wọ́n gun òkè. Kíá bá wọn lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyà wo ló tó kéèyàn máa ké pe ẹni tó ń wá níbi tó mọ̀ dájú pé kò sí? Wọ́n wo ẹ̀yìn gbogbo àpáta. Ọkùnrin kan di okùn mú sọ̀ sínú kòtò kan, òkúta yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ré bọ́. Bàbá arúgbó kan gbá Kíá lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. A máa rí i." Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gún un ju èébú lọ. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́. Ó tún fẹ́ sọ ọ́, wọ́n ti lọ síwájú.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Ọlọ́run ló yọ wá pé òkè ló wà," Ìyá Fèrè wí, ó ń nu omi lójú. "Bí òjò bá rọ̀ báyìí, odò tó wà ní àfonífojì kì í pẹ́ kún."

Kíá fi igbe ta.

"Mà! Kò sí níbí!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn sì rí ọ̀já méjì lẹ́sẹ̀ ẹnì kan. "Ọ̀já ẹ̀ nìyí. Ọ̀nà àwọn agégi ló gbà, láti ibùdó kejì. Mo parọ́ fún yín, mà. Mo parọ́!"

Ọkùnrin tó di okùn mú wò ó, ó sì mójú kúrò. Ìyá Fèrè ò bú u. "Látìgbà yìí?" ni gbogbo ohun tó sọ. Ó fọn fèrè rẹ̀, wọ́n kọrí sí ìsàlẹ̀.

Etí odò ni wọ́n ti rí i. Òkùnkùn ti jẹ́ kó ṣi ọ̀nà gbà níbi tí ọ̀nà ti pín, ó yọ̀ ṣubú, iná orí rẹ̀ fọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, kò lè dìde. Ó di gbòǹgbò igi kan mú, omi sì ti dé ìbàdí rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi fà á jáde. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ohùn rẹ̀ sì ti há.

"Mo rí iná yín lórí òkè," ó ní. "Mo pariwo, pariwo. Mo wá ń rò ó pé, kí ló dé tí wọ́n ń wá mi níbi tí n kò sí?"

Wọ́n gbé e, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ní àárọ̀, nílé ìwòsàn, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Fèrè wá sọ fún wọn pé wọ́n ti yọ orúkọ àwọn méjèèjì, wọn ò sì ní sá eré náà fún ọdún méjì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e wá. Kíá bẹ̀ ẹ́ títí.

"Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ yá," ọ̀gá náà ní. "Kò sí ẹni tó máa jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ fi lé olùkọ́ lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú igbó lọ́jọ́ kan, n kò fẹ́ máa rò ó bóyá òótọ́ ni olùkọ́ rẹ̀ ń sọ fún mi." Ó kí ìyàwó pé ara á yá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ku tọkọtaya. Ìyàwó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì.

"Nígbà tó o dé afárá tó ò bá mi," ó ní, "ṣé ojú ẹsẹ̀ lo sọ fún wọn?"

Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n Kíá, ó rọrùn, ó kúrú. Ó gbé e mì.

"Rárá. Mo ní orí òkè lo wà. Mo bá wọn wá ọ níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yẹn ni."

Ìyàwó kọjú sí ògiri.

"Èmi náà ni mo tú ọ̀já fún ọ, n kò ní í sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n iná yẹn, bí mo ṣe ń wò ó tó ń jìnnà sí mi... kò ní tètè kúrò lọ́kàn mi o."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Jókòó."

Kíá jókòó. Kò wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tètè parí ìjà náà. Ó jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó fi sùn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló padà sábẹ́ páálí, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bóyá ìdánwò lẹ fẹ́ fi èrú yege ni o, bóyá eré lẹ fẹ́ gé kúrú, ẹ rántí ẹni tó wà nínú omi lóru yẹn. Ẹni tó bá parọ́ nípa ibi tó wà, ibi tí irọ́ rẹ̀ bá júwe ni àwọn tó fẹ́ gbà á là máa wá a lọ. Bó ti wù kó pariwo tó, wọn ò ní gbọ́ ọ.