Ẹlẹ́rìí Tó Ń Sọ "Bẹ́ẹ̀ Ni" fún Gbogbo Orin

Ẹni tó bí ọmọ tó mọ orin kọ kò nílò alágbàsọ. Ẹnu tirẹ̀ náà ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni ti kàfíńtà kan rí. Bí oníbàárà bá wá béèrè ìlẹ̀kùn, kí bàbá yìí tó sọ̀rọ̀ pákó, yóò ti ròyìn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tán: àbúrò tó ń kọrin, àti ẹ̀gbọ́n tó ń tún ohùn ṣe ní ilé-iṣẹ́ rédíò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, bàbá ń fá pákó níwájú ilé, lẹ́búlẹ́bú igi ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àfi bí àbúrò, tí gbogbo ayé ń pè ní Àwòko nítorí ohùn rẹ̀, ṣe já wọlé bí ìjì. Kò tilẹ̀ kí i kú iṣẹ́.

"Bàámi, Adúmáadán ti jí orin mi!"

Ìfági bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Adúmáadán kẹ̀? Ọmọ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà ni òun àti Àwòko ti kọ́ orin, tí ìyá Àwòko ń pè ní ìbejì tí òun kò lóyún rẹ̀?

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Fóònù mi ló sọ ọ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, nígbà tí Àwòko fẹ́ gbé orin rẹ̀ jáde, oníṣòwò kan bá a fi àmì kan pamọ́ sínú rẹ̀. Etí ò lè gbọ́ àmì náà, ṣùgbọ́n áàpù kan wà lórí fóònù tó máa ń wá a nígbà tí orin bá ń dún. Bó bá rí i, iná aláwọ̀ ewé á tàn, á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: TÌRẸ NI. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àwòko gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin tuntun Adúmáadán, nítorí ó ń ṣe é bíi pé ó jọ tòun. Iná tàn.

"Ẹgbẹ́ olórin ń ṣèpàdé nírọ̀lẹ́ yìí," ó ní. "Mo máa dìde níbẹ̀, mo máa pè é lólè lójú gbogbo èèyàn."

Bàbá ti ń wá bàtà. "A jọ ń lọ ni! Ọmọ ta ni wọ́n rò pé àwọn ń jí orin rẹ̀?"

Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n ti pàdé wọn, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó fetí sí àlàyé wọn tán, ó mi orí.

"Bàámi, ẹ dúró ná. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò mi, ṣé o dán áàpù yìí wò?"

"Wọ́n dán an wò lójú mi. Oníṣòwò gbé orin mi sí i, ó ní tèmi ni. Ó tún gbé e sí i, ó tún ní tèmi ni."

"Ó gbé orin ẹlòmíì sí i?"

"Rárá," Àwòko ní.

"Ṣé o rí i? Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nìkan lẹ bi ẹlẹ́rìí yín. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í gba irú àmì báyìí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kò gbọ́dọ̀ ba adùn orin jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ parẹ́ bí wọ́n bá gé orin kù, bí wọ́n bá fún un pọ̀ kó lè tètè lọ láti fóònù dé fóònù, tàbí bí ẹnìkan bá gbà á sílẹ̀ láti inú rédíò. Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé wá ni pé, níbi tí àmì ò bá sí, kí ẹ̀rọ dákẹ́."

Ìyá jáde, ó jókòó sórí àga tí bàbá ò tíì kùn. Wọ́n gbé orin Àwòko tó ní àmì, àti ẹ̀dà rẹ̀ tí kò ní àmì, sí i létí; ó dijú, kò mọ èwo lèwo. Ẹ̀gbọ́n gé orin náà ku ègbè nìkan, ó fún un pọ̀, ó fi fóònù mìíì gbà á sílẹ̀. Iná tàn.

"Ẹ ò rí i!" Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀rọ gidi ni!"

"Ó ku ọ̀kan, bàámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fá pákó yẹn."

Bàbá fá pákó, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn: TÌRẸ NI.

Bàbá wo ìfági rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń lọ kọrin níta láìsọ fún un.

"Bóyá ó ṣèèṣì ni," Àwòko ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ìyá fa fóònù tirẹ̀ yọ. "Mo ní nǹkan kan níbí."

Bàbá ti mọ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, má dán an wò o!"

Ṣùgbọ́n ìyá ti tẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti ń búra pé òun kì í hanrun. Ìyá bá gbà á sílẹ̀ fún ẹ̀rí. Ìhanrun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ọkọ̀ akérò tó ń gun òkè. Iná tàn gbòò: TÌRẸ NI.

"Háà! Bàámi, ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó jí orin mi, ojú oorun lẹ sì ti jí i!" Àwòko rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán, ṣùgbọ́n omi ojú ò dá. "Ṣé nítorí nǹkan yìí ni mo ṣe fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́?"

"Wọ́n ṣe é kí olè kankan má bàa bọ́," ẹ̀gbọ́n ní, "ló bá di pé gbogbo ayé ló ń mú."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó mú tépù tó fi ń wọn igi. "Bí eléyìí bá ń sọ fún mi pé gbogbo pákó ló gùn bákan náà, ààtàn ni màá jù ú sí."

"Ajá tó ń gbó gbogbo ẹni tó ń kọjá," ìyá fi tì í lẹ́yìn, "lọ́jọ́ tí olè bá dé, ta ni yóò dá a lóhùn?"

Wọ́n lọ sípàdé náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Adúmáadán ni Àwòko kọ́kọ́ lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ojú Adúmáadán pọ́n.

"Tó bá ti bọ́ lẹ́nu rẹ ńkọ́?"

"Kì bá ṣeé kó mọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ìwọ náà! Mo bínú o, mi ò ní parọ́ fún ọ." Ó gbá a lápá. "Ṣùgbọ́n o wá bá mi. Gba orin mi, ẹ fi yẹ àwọn àmì tí àwọn oníṣòwò mìíì ń tà wò. Ká mọ èyí tó máa dákẹ́ tó bá délé onílé."

Àwòko wá dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó sọ àṣìṣe tó fẹ́ ṣe. Àwọn kan tẹrí ba. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò yẹn kan náà làwọn náà ti rà á. Ẹgbẹ́ bá fi ẹ̀gbọ́n ṣe olùyẹ̀wò: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ra àmì tí kò bá tọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn àmì kan ba ohùn jẹ́. Òmíì pòórá bí wọ́n ṣe fún orin pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọ̀kan, wọ́n sì pe gbogbo èèyàn wá wò ó. Wọ́n gbé orin Àwòko sí i, ní gígé, ní fífún pọ̀, àtèyí tí wọ́n gbà láàárín ariwo: iná tàn. Wọ́n gbé orin àwọn ẹlòmíì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: kò tàn. Wọ́n wá gbé ti Adúmáadán sí i. Orin náà dún dópin. Iná ò ṣẹ́jú.

Bàbá kàfíńtà na ọrùn sí ẹni tó jókòó tì í. "Ẹ rí i bó ṣe dákẹ́ yẹn? Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi ni."

Ẹ̀yin olórin, àmì inú orin dára, ó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ yín lórí iṣẹ́ òógùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á nìkan yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Ẹ fi orin yín tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti fún pọ̀, dán an wò. Ẹ sì fi orin tí kì í ṣe tiyín dán an wò, kó pọ̀ dáadáa. Ẹ forúkọ orin yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ sì tọ́jú ohùn tí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, torí ẹlẹ́rìí ni àmì, kì í ṣe adájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ sọ pé "rárá" rí, kó má tíì pe ẹnikẹ́ni lólè.